Kóòdù tí AI bá tún tò, ta ló máa dán an wò?

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ fi Àbújá ṣe ibùjókòó, láti Kubwa dé Lugbe, láti Nyanya dé Gwarinpa, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ ká jọ sọ lónìí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ̀yin tí ẹ ń fi kóòdù jẹun, àti ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ń gbà wọ́n síṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà ni ti àwọn ẹ̀rọ AI tó ń bá èèyàn kọ kóòdù, tó sì tún ń bá èèyàn ṣàtúnṣe èyí tí wọ́n ti kọ tẹ́lẹ̀. Àwọn kan ń sọ pé iṣẹ́ ti parí, pé kò sóhun tí ọmọ èèyàn tún fẹ́ kọ́ mọ́. Àwọn mìíràn ní ẹ̀tàn ni gbogbo rẹ̀, pé ẹni tó bá ń lò ó, ọ̀lẹ ni. Èmi ò sí nínú ẹgbẹ́ kankan nínú méjèèjì.

Èrò tèmi rèé, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tààrà kí n tó máa ṣàlàyé. AI wúlò gan-an fún títún kóòdù tò, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lé yín kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó le nínú iṣẹ́ yìí kì í ṣe kíkọ ọ́. Ohun tó le ni kí o mọ ohun tí kóòdù náà ń ṣe fún èèyàn, kí o sì lè fi ẹ̀rí hàn pé lẹ́yìn tí o tún un tò, ohun kan náà ló ṣì ń ṣe, ní gbogbo ibi tó wà. Ìyẹn ṣì wà lọ́rùn wa. Ẹni tó bá gbé e fún ẹ̀rọ, tó wá lọ sùn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa dẹjọ́ lọ́jọ́ kan, ẹ̀rọ ò sì ní bá a dé kóòtù.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ kì í ṣe oníkọ̀ǹpútà, ẹ má tíì kọjá lọ, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Kóòdù ni àṣẹ tí èèyàn kọ sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà, ìlà dé ìlà, kó lè mọ ohun tó máa ṣe. Bó bá ti pẹ́, tí ọwọ́ púpọ̀ ti kàn án, ó máa ń rí jágajàga. Ẹnì kan fi ìlà méjì kún un, ẹnì kejì fi mẹ́wàá kún un, ẹnì kẹta tún ohun tí ẹni àkọ́kọ́ ṣe kọ, torí kò mọ̀ pé ó ti wà níbẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ o, àmọ́ kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án. Títún un tò ni ká ṣètò rẹ̀ láì yí ohun tó ń ṣe padà.

Ẹ wò ó bí ilé ìdáná. Ìyá wa tún ilé ìdáná tò: ó kó ìkòkò sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó gbé iyọ̀ àti ata síbi tọ́wọ́ ti lè tètè tó o, ó da èyí tó ti bàjẹ́ nù. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ tó máa jáde lọ́jọ́ kejì gbọ́dọ̀ dùn bó ṣe ń dùn tẹ́lẹ̀. Bí adùn ọbẹ̀ bá yí padà, ìyẹn kì í ṣe títún ilé ìdáná tò mọ́, nǹkan ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe tàná. William Opdyke kọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ lé e lórí ní Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà ní 1992. Ní 1999, Martin Fowler gbé ìwé rẹ̀ tó ń jẹ́ Refactoring jáde, ìwé náà sì tàn ká ayé àwọn oníkóòdù. Òfin àkọ́kọ́ níbẹ̀ ni pé ìṣesí kóòdù kò gbọ́dọ̀ yí. Fowler tún tẹnu mọ́ ọn pé kí èèyàn tó bẹ̀rẹ̀, kó ní àwọn ìdánwò lọ́wọ́ tó máa tètè ké gbàjarè bí nǹkan bá bàjẹ́. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a óò padà sórí ẹ̀.

Ẹ̀rọ wá dé. GitHub Copilot ni wọ́n kọ́kọ́ fi han àwọn díẹ̀ ní 2021, wọ́n sì ṣí i fún gbogbo èèyàn ní oṣù Kẹfà 2022. ChatGPT tẹ̀ lé e ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà. Látìgbà náà, Cursor dé, Claude Code dé, àwọn mìíràn ò ṣeé kà tán. Níbẹ̀rẹ̀, wọ́n kàn ń bá èèyàn parí ìlà tó ti bẹ̀rẹ̀ ni. Ní báyìí, o lè sọ fún un pé "lọ tún gbogbo fáìlì yìí tò", á kà wọ́n, á pààrọ̀ wọn, á tiẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣe ìdánwò, kí o tó mu tíì rẹ tán.

Àǹfààní rẹ̀ fún àwa tí a wà nílé yìí ju ti òyìnbó lọ, mo sì máa sọ ìdí rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa, àwọn tó mọ kóòdù dunjú ti japa. Ọ̀kan wà ní Canada, ọ̀kan wà ní London, ọ̀kan wà níbí ṣùgbọ́n òyìnbó ló ń bá ṣiṣẹ́ láti inú yàrá rẹ̀, kò ráyè tiwa. Kóòdù tí wọ́n fi sílẹ̀ ní iléèwé, ní ọsibítù, ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ní ilé iṣẹ́ ìjọba, ó wà níbẹ̀ bí ọmọ òrukàn. Kò sí ìwé àlàyé. Ọmọ tí wọ́n gbà síṣẹ́ lánàá ni wọ́n ní kó máa tọ́jú rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, oṣù mẹ́ta lè lọ kí ọmọ yẹn tó mọ ibi tí owó ń gbà wọlé nínú ẹ̀. Lónìí, ó lè gbé e síwájú AI kó ní, "Ṣàlàyé èyí fún mi, apá kan lẹ́yìn èkejì." Á ṣàlàyé. Kò ní bú u, kò ní ní "ṣé o ò lọ iléèwé ni?" Ẹni tó ti jókòó ti kóòdù tí olówó rẹ̀ ti relé òyìnbó mọ̀ pé ìrànlọ́wọ́ ńlá nìyí.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá náà ń jẹ nínú rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ 2024, Andy Jassy, ọ̀gá àgbà Amazon, sọ pé AI tiwọn bá wọn gbé kóòdù Java àtijọ́ bọ́ sí ẹ̀yà tuntun, àti pé iṣẹ́ tó máa ń gba oníkóòdù kan tó 50 ọjọ́ lórí app kan ti di ti wákàtí díẹ̀. Ó ṣírò gbogbo ẹ̀ sí iṣẹ́ tí oníkóòdù kan máa fi ọdún 4,500 ṣe. Òun ló ni ọjà, òun ló sì ń polówó ẹ̀, ẹ fi ìyẹn dín in kù díẹ̀. Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí náà: ó ní nínú ohun tí ẹ̀rọ náà gbé wá fún àyẹ̀wò, ìdá 79 nínú ọgọ́rùn-ún ni àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ gbà láì yí nǹkan kan padà. Ìyẹn ni pé èèyàn wo gbogbo rẹ̀, ìyókù sì ṣì nílò ọwọ́ èèyàn. Amazon tó ni ẹ̀rọ fúnra wọn kò lọ sùn.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sílé, sí Bwari níbí, níbi tí oríléeṣẹ́ JAMB wà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní 2025 ló jẹ́ kí n dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kárùn-ún ọdún yẹn, JAMB kéde èsì UTME. Nínú èsì tó lé ní mílíọ̀nù 1.9, èyí tó lé ní mílíọ̀nù 1.5 kò tó 200 nínú 400. Ariwo sọ. Àwọn kan ní àwọn ọmọ ò kàwé ni, wọ́n ní TikTok ló gba àkókò wọn. Àwọn òbí ń bínú, àwọn ọmọ ń sunkún. Ní ọjọ́ 14 oṣù náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede tó jẹ́ ọ̀gá àgbà JAMB, ọmọ Abẹ́òkúta, bọ́ síwájú àwọn oníròyìn, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní àṣìṣe wà. Ọmọ 379,997 ní ibùdó 157 ló kàn: 206,610 ní ibùdó 65 ní Èkó, 173,387 ní ibùdó 92 ní gúúsù ìlà-oòrùn. Wọ́n ní kí wọ́n tún ìdánwò ṣe, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù náà.

Kí ló fà á? Àlàyé tí JAMB ṣe ni pé ọdún yẹn, àtúnṣe ńlá mẹ́ta ni wọ́n ṣe sí ẹ̀rọ ìdánwò wọn. Wọ́n yí ọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣàyẹ̀wò ìdáhùn padà. Wọ́n jẹ́ kí ẹ̀rọ máa da ìbéèrè àti àwọn ìdáhùn tó wà lábẹ́ rẹ̀ pọ̀, kí ọmọ má bàa jí ìwé ẹlòmíràn wò. Wọ́n sì tún kóòdù ṣe kó lè yá sí i. Àtúnṣe rere ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n kóòdù tuntun tó yẹ kó gbé àtúnṣe yìí ró, wọ́n gbé e sórí àwọn server tó ń bójú tó apá Kaduna, wọn ò gbé e sórí èyí tó ń bójú tó Èkó àti gúúsù ìlà-oòrùn. Ọmọ dáhùn, ẹ̀rọ fi òṣùwọ̀n àtijọ́ wọn ìdáhùn tuntun, ọmọ fìdí rẹmi lórí ohun tó mọ̀.

Nínú àlàyé JAMB, kò síbi tí wọ́n ti dárúkọ AI. Ẹ má lọ sọ pé mo ní AI ló ṣe é o. Ìdí tí mo fi mú un wá nìyí: ẹ wò ó dáadáa, kíkọ kóòdù kọ́ ni ìṣòro yẹn. Wọ́n ti kọ ọ́. Ó ti ń ṣiṣẹ́ ní apá kan. Ohun tó kù ni pé kí ẹnì kan fìdí rẹ̀ múlẹ̀, kí èsì tó jáde, pé ibi gbogbo ló dé, àti pé ìwé ọmọ tó gba ìdáhùn ń gba máàkì. Bí AI bá wà, tó kọ kóòdù yẹn ní ìlọ́po mẹ́wàá bó ṣe yá tó, àwọn ọmọ yẹn á ṣì fìdí rẹmi. Kódà, bí àtúnṣe bá ṣe ń yá tó, tó sì ń pọ̀ tó, ni ibi tí ojú ti lè fo nǹkan ṣe ń pọ̀ tó. Ọwọ́ ìkọ̀wé wa ti yá sí i. Ojú tí a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò kò tíì yá sí i.

Ohun kan tún wà níbẹ̀. Ọkùnrin yẹn jáde síta, ó ní òun gba ẹ̀bi náà sọ́rùn. Ẹ bá a wí, ẹ má bá a wí, èèyàn kan dáhùn. Ẹ̀rọ ò lè ṣe ìyẹn. Ó lè kọ "ẹ má bínú" sójú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n kò sọ́mọ tó máa bá a délé, kò sóbìí tó máa wò ó lójú. Àwọn baba wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nínú ọjà kóòdù yìí, àgbà náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èèyàn.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan han yín bí AI ṣe lè ba nǹkan jẹ́ nígbà tó bá ń tún un tò, láì ní èrò búburú kankan. Ká sọ pé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Kubwa ní software tó ń ṣírò èlé orí owó yíyá. Apá méjì wà nínú ẹ̀ tó jọra bí ìbejì. Ọ̀kan wà fún àwọn tó ṣì ń ṣiṣẹ́, èkejì wà fún àwọn tó ti fẹ̀yìn tì. Ìlà 40 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, 39 bára mu. Ìlà kan péré ló yàtọ̀: fún àwọn tó fẹ̀yìn tì, oṣù tí owó ìfẹ̀yìntì wọn ò bá wọlé, ẹgbẹ́ kì í ka èlé oṣù yẹn sí wọn lọ́rùn. Ìpàdé ló fẹnu kò sí i lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, torí àánú àwọn àgbà. Kò sẹ́ni tó kọ ìdí rẹ̀ sínú kóòdù.

Ẹ wá ní kí AI tún un tò. Á rí ìbejì, á ní àtúnwí lásán ni, á sọ méjèèjì di ọ̀kan. Kóòdù á mọ́, á kúrú, á dùn ún kà. Bàbá tó ti fẹ̀yìn tì ló máa rí èlé tí kò mọ̀dí rẹ̀ ní ìparí oṣù. Táíwò jọ Kẹ́hìndé, ṣùgbọ́n Táíwò kì í ṣe Kẹ́hìndé. Ìyá wọn ló mọ̀ wọ́n yàtọ̀, ìyá yẹn ò sì sí nínú fáìlì tí AI kà. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. AI láṣọ lóòótọ́, ó ti ka kóòdù ju gbogbo wa lọ. Àkísà, ìyẹn ìdí tí ìlà kan ṣòṣo fi rí wọ́gọwọ̀gọ, lọ́wọ́ àwọn èèyàn ló wà.

Kì í ṣe èmi nìkan ló ń rí i. Ní oṣù Keje 2025, àjọ METR ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde. Oníkóòdù 16 tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, iṣẹ́ 246, lórí kóòdù tí wọ́n mọ̀ bí ẹní mowó. Ìgbà tí wọ́n gbà wọ́n láyè láti lo AI, àkókò tí iṣẹ́ gbà fi ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún gùn sí i. Ohun tó ya èèyàn lẹ́nu ni pé lẹ́yìn tí wọ́n parí, àwọn fúnra wọn rò pé AI ti jẹ́ kí àwọn fi ìdá 20 yá sí i. Ìwádìí kékeré ni, irinṣẹ́ sì ń yí padà lójoojúmọ́, n kò ní kí ẹ fi ṣe òfin. Ṣùgbọ́n ó kọ́ wa pé kí ara èèyàn fúyẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí pé iṣẹ́ náà ti yá.

Àwọn GitClear náà wo ìlà kóòdù mílíọ̀nù 211 tí wọ́n kọ láàárín 2020 sí 2024. Ní 2021, nínú àyípadà mẹ́rin tí àwọn èèyàn bá ṣe sí kóòdù, nǹkan bí ọ̀kan jẹ́ ti àtúntò. Nígbà tó fi máa di 2024, kò tó ọ̀kan nínú mẹ́wàá mọ́. Èyí tí wọ́n kàn ń dà kọ láti ibì kan síbòmíràn ló ń pọ̀ sí i. Ẹ wo ìyẹn: ẹ̀rọ tó lè bá wa tún ilé ṣe wà lọ́wọ́ wa, àmọ́ yàrá tuntun la fi ń kọ́ mọ́ ara ògiri àtijọ́.

Ti Replit tún wà ńbẹ̀. Ní oṣù Keje 2025, oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Jason Lemkin ń fi AI inú Replit kọ́ app. Ó ti kìlọ̀ fún un pé kó má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́. Ẹ̀rọ náà pa database rẹ̀ rẹ́, ó tún sọ pé kò sí bí wọ́n ṣe lè dá a padà. Ó ṣeé dá padà. Amjad Masad, ọ̀gá àgbà Replit, tọrọ àforíjì, wọ́n sì ya ibi tí ẹ̀rọ ti ń dán nǹkan wò sọ́tọ̀ kúrò níbi tí dátà gidi wà. Ẹ kíyè sí àtúnṣe tí wọ́n ṣe: ibi tọ́wọ́ ẹ̀rọ ń dé ni wọ́n kọ́kọ́ dín kù.

Ó dáa, kí la máa ṣe? Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ tó bá bi mí nìyí, ẹ̀yin náà ẹ bá mi fi kún un.

Àkọ́kọ́, jẹ́ kó kà á kó tó kọ ọ́. Ní kó ṣàlàyé ohun tí kóòdù ń ṣe, kó sì tọ́ka sí gbogbo ibi tó rí wọ́gọwọ̀gọ. Lẹ́yìn náà, gbé àwọn ibi yẹn lọ bá àwọn èèyàn. Bi akápò ẹgbẹ́, bi màmá tó ti wà ní ẹ̀ka ìṣirò láti ọdún gbọ́ọ́rọ́: "Mà, ṣé ìdí kan wà tí a fi ń ṣe báyìí?" Ìbéèrè yẹn lè gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó lè gba owó ìfẹ̀yìntì bàbá kan là.

Èkejì, ìdánwò ló ń ṣáájú. Kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan, gba àkọsílẹ̀ ọdún tó kọjá, yọ orúkọ kúrò lára rẹ̀, fi í sínú kóòdù àtijọ́, kí o tọ́jú èsì tó bá jáde. Lẹ́yìn àtúntò, fi àkọsílẹ̀ kan náà sínú tuntun, kí o fi wéra, kọ́bọ̀ sí kọ́bọ̀. AI lè bá ọ kọ ìdánwò yìí kíákíá, iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa nìyẹn. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kó yí ìdánwò padà nígbà tó bá ń yí kóòdù padà. Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ kí ọmọ ṣèdánwò, kó tún máa máàkì ìwé ara rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, díẹ̀díẹ̀ ni. Àyípadà kan lẹ́ẹ̀kan, kí o fi Git tọ́jú rẹ̀, kí o ka gbogbo ìlà tó yí padà kí o tó lọ sí èyí tó kàn. Bó bá gbé ìlà 2,000 wá lẹ́ẹ̀kan náà, dá a padà. Èyí tí o ò lè ṣàlàyé fún ọ̀gá rẹ, má gbà á wọlé. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ̀kẹrin, má fún un ní kọ́kọ́rọ́ yàrá. Jẹ́ kó ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀dà, kó má ríbi dé ọ̀dọ̀ dátà gidi. Kí ẹ̀dà ìpamọ́ sì wà tí o ti gbìyànjú láti dá padà rí, torí ẹ̀dà tí èèyàn ò tíì dán wò, ìrètí lásán ni. Bẹ́ẹ̀ náà, má ṣe da NIN, BVN tàbí nọ́ńbà fóònù àwọn oníbàárà sínú AI torí pé o fẹ́ kó bá ọ wo kóòdù. Òfin ìdáàbòbò dátà ti wà nílẹ̀ yìí láti oṣù Kẹfà 2023, àjọ tó ń bójú tó o sì wà ní Àbújá níbí.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ̀kọ́ Bwari nìyí: ìgbà tó bá dé ibi gbogbo ló tó parí. Bó bá jẹ́ server méjì, lọ wo méjèèjì. Bó bá jẹ́ ẹ̀ka mẹ́fà, pe mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Má gba "ó ti lọ" gbọ́, ní kí wọ́n fi hàn ọ́.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n máa ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ráyè? Oníbàárà fẹ́ ẹ lọ́la, iná ò sí, dátà wọ́n, dọ́là la fi ń sanwó AI yìí gan-an." Òótọ́ ni, n kò jiyàn. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, àkókò tí AI bá gbà yín là níbi kíkọ, níbo ló ń lọ? Bí ẹ bá fi gbogbo ẹ̀ gba iṣẹ́ mìíràn sí i, ẹ kàn ń ṣe àṣìṣe púpọ̀ sí i ni. Ẹ fi ìdajì ẹ̀ yẹ ohun tí ẹ ṣe wò. Ẹ sì ro owó tó máa ń lọ bí nǹkan bá bàjẹ́ tán: ọkọ̀ àwọn ọmọ tó tún ìdánwò ṣe nìkan, ta ló lè ṣírò rẹ̀? Ẹ tún ro òru tí àwọn òbí ò fi sùn.

Ẹ̀yin òbí, ó kàn yín báyìí. Láti 2023 tí ìjọba ti gbé ètò 3MTT dìde lábẹ́ Mínísítà Bosun Tijani, pé àwọn fẹ́ kọ́ ọmọ Nàìjíríà mílíọ̀nù mẹ́ta ní iṣẹ́ ẹ̀rọ, ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń ti ọmọ síbẹ̀, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹnì kan bá ní kí ẹ san owó, pé ọmọ yín máa di oníkóòdù láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan torí AI wà, ẹ bi í léèrè: ṣé ẹ máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ka kóòdù ẹlòmíràn? Ṣé ẹ máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìdánwò? Bó bá ń káalẹ̀, ẹ mú owó yín padà sílé. Ọmọ tó lè pàṣẹ fún AI ti pọ̀ nígboro. Èyí tó lè wo iṣẹ́ AI kó ní "rárá, ibí yìí ò rí bẹ́ẹ̀", òun ló ṣọ̀wọ́n, òun ni wọ́n máa wá dé ilé.

Ẹ̀yin ọ̀gá náà, bí ẹ bá fẹ́ gba èèyàn síṣẹ́, ẹ má kàn ní kó kọ nǹkan tuntun. Ẹ gbé kóòdù àtijọ́ kan fún un, ẹ jẹ́ kó lo AI bó bá wù ú, kí ẹ wá bi í pé: "Bí a bá yí ibí yìí padà, ta ló máa jìyà ẹ̀?" Ẹni tó bá lè dáhùn ìyẹn, ẹ mú un. Ẹ sì jẹ́ kó mọ̀ pé ọjọ́ tó bá fi yẹ nǹkan wò, ọjọ́ iṣẹ́ ni, kì í ṣe ọjọ́ ìmẹ́lẹ́.

Ẹ̀rọ yìí ti dé, kò ní padà síbi tó ti wá. Ẹ jẹ́ ká lò ó. Ẹ jẹ́ kó bá wa ka kóòdù tí àwọn tó japa fi sílẹ̀, kó bá wa kọ ìdánwò, kó bá wa tún ohun tó rí jágajàga tò. Àmọ́ orúkọ èèyàn ló gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ìwé, èèyàn tó ti kà á, tó ti dán an wò, tó sì lè dúró síwájú òbí 379,997 láti dáhùn.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin akápò ẹgbẹ́, ẹ bá mi dá sí i nísàlẹ̀. Báwo lẹ ṣe ń yẹ iṣẹ́ AI wò níbi iṣẹ́ tiyín? Ẹni tó bá sì mọ ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ yìí, kó fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí i.